TA NI Ó YẸ KÍ Ó GBA ẸJỌ́ ẸLÒMÍRÀN RÒ?



Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí lè dà bí ẹni pé kò kan ilé Ọlọ́run. Ọ̀rọ̀ náà jẹ́ ti àwọn agbẹjọ́rò, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní lọ́yà: bí a ti ń yàn wọ́n, ẹni tí ó ń fún wọn ní àṣẹ, àti ohun tí a fi ń mọ̀ pé ènìyàn yẹ fún iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n láti Bẹẹrẹ dé Mápó, láti Ọjà'ba dé Bẹ́yẹrúnká, agbo ilé wo ni kò ní ìwé kan nínú àpótí, ìbáà ṣe ìwé ilẹ̀, ìwé ogún, tàbí ìwé ìpè sí kóòtù? Bí ìwé náà bá dára, ọmọ àti ọmọ-ọmọ yóò fi ọkàn balẹ̀ jókòó sí ilé baba wọn. Bí kò bá dára, a lè má mọ̀ ọ́n títí ẹni tí ó kọ ọ́ yóò fi lọ, tí ẹni tí ó ni ín yóò fi kú, tí ẹjọ́ yóò sì wá dé bá àwọn tí kò mọ ìdí rẹ̀. Nítorí náà ọ̀rọ̀ náà kàn wá, ó sì yẹ kí a yẹ̀ ẹ́ wò.

Ohun tí orúkọ náà sọ

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti inú orúkọ. Agbẹjọ́rò ni ẹni tí ó gba ẹjọ́ tí ó sì ń rò ó. Ẹjọ́ náà kì í ṣe tirẹ̀. Ọwọ́ ẹlòmíràn ni ó ti gbà á. Nítorí pé ó gbà á, ohun ìní ẹlòmíràn àti àṣírí ẹlòmíràn wà ní ìkáwọ́ rẹ̀, nítorí náà ó gbọdọ̀ jẹ́ olóòótọ́. Nítorí pé yóò rò ó, ó gbọdọ̀ ní ìmọ̀. Ẹni tí ó ní ìmọ̀ láìní òótọ́ yóò jẹ oníbàárà rẹ̀ run. Ẹni tí ó ní òótọ́ láìní ìmọ̀ yóò pàdánù ohun tí a fi sí i lọ́wọ́, àní bí ó tilẹ̀ ń sunkún pẹ̀lú oníbàárà náà.

Ní ayé àwọn baba wa ní Ìbàdàn, bí ìjà ilẹ̀ tàbí ti gbèsè bá ṣẹ̀, baálé ni ó kọ́kọ́ ń gbọ́ ọ. Bí òun kò bá lè parí rẹ̀, yóò di ọ̀dọ̀ mọ́gàjí, láti ibẹ̀ yóò di ọ̀dọ̀ ìjòyè, títí yóò fi dé iwájú Baálẹ̀, ẹni tí a bẹ̀rẹ̀ sí pè ní Olúbàdàn ní ọdún 1936. Bí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn kò bá mọ ọ̀rọ̀ sọ, àgbà ilé rẹ̀ a bá a sọ ọ́. A kò bi àgbà bẹ́ẹ̀ léèrè ìwé-àṣẹ, nítorí gbogbo àwọn tí ó jókòó níbẹ̀ ni ó mọ̀ ọ́n. Wọ́n mọ ilé rẹ̀. Wọ́n mọ̀ bí ó ti ṣe oko àwọn ọmọ aláìníbaba tí a fi sí i lọ́wọ́. Wọ́n mọ̀ bóyá ó máa ń jẹ́ iṣẹ́ bí a ti rán an tàbí ó máa ń fi tirẹ̀ kún un. Ìwà rẹ̀ ni ìwé-ẹ̀rí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n lẹ́yìn àdéhùn tí àwọn ìjòyè Ìbàdàn bá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní ọdún 1893, ìṣàkóso irú mìíràn dé, àwọn kóòtù irú mìíràn sì tẹ̀ lé e. Adájọ́ tí ó jókòó sí àwọn kan nínú wọn kò mọ ilé ẹnikẹ́ni. Inú ìwé ni òfin rẹ̀ wà, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a sì fi kọ ọ́. Ẹni tí a kò mọ baba rẹ̀ lè dìde níbẹ̀ kí ó wí pé, 'Èmi ni mo ń sọ̀rọ̀ fún ọkùnrin yìí.' Báwo ni a ó ti mọ̀ pé kì í ṣe ẹlẹ́tàn? Nítorí ìbéèrè yìí ni ìwé-àṣẹ agbẹjọ́rò ṣe wà. Ó wà láti dípò ohun tí agbo ilé ti mọ̀ tẹ́lẹ̀; ó jẹ́ ẹ̀rí fún àlejò pé ẹnì kan ti wádìí ọkùnrin tàbí obìnrin yìí wò.

Ìlẹ̀kùn àkọ́kọ́, ní Èkó

Èkó ni a ti kọ́kọ́ gbìyànjú láti dáhùn ìbéèrè náà. Òfin Kóòtù Gíga ti ọdún 1876 fi agbára sí ọwọ́ Adájọ́ Àgbà láti gba àwọn agbẹjọ́rò wọlé kí ó sì kọ orúkọ wọn sínú ìwé. Ọ̀nà mẹ́ta ni a là sílẹ̀. Ọ̀nà kìíní wà fún ẹni tí ó ti gba oyè òfin ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn ilẹ̀ tí ó bá a tan. Ọ̀nà kejì wà fún ẹni tí ó ti kọ́ṣẹ́ lábẹ́ agbẹjọ́rò níhìn-ín fún ọdún márùn-ún, tí ó sì yege ìdánwò. Ọ̀nà kẹta wà fún ẹni tí ó mọ ìwé, tí ó mọ òfin Gẹ̀ẹ́sì níwọ̀nba, tí a sì rí i pé ìwà rẹ̀ dára. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ a máa gba àṣẹ oṣù mẹ́fà, nígbà tí oṣù mẹ́fà náà bá sì pé, yóò tún wá béèrè òmíràn.

Ohun tí ó fà á tí a fi la ọ̀nà kẹta yìí kò ṣòro láti mọ̀. Ní ọdún 1876 kò tíì sí ọmọ ilẹ̀ wa kan tí ó ti gba oyè òfin. Ẹni àkọ́kọ́ ni Christopher Alexander Sapara Williams, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí a bí sí Sierra Leone ní ọdún 1855, tí a gbà sí ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò ní London ní ọdún 1879, tí a sì kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ní Èkó ní ọdún 1888. Bí a bá ní kí gbogbo ènìyàn dúró de irú àwọn bẹ́ẹ̀, ta ni ì bá sọ̀rọ̀ fún àwọn tí ẹjọ́ wọn wà ní kóòtù? Nítorí náà, títí di nǹkan bí ọdún 1913, àwọn tí wọ́n ní àṣẹ oṣù mẹ́fà bá wọn ṣe iṣẹ́ náà. Kò yẹ kí a fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà. Wọ́n ru ẹrù ní ìgbà tí kò sí ẹlòmíràn tí yóò rù ú. Síbẹ̀ òtítọ́ ni pé ìmọ̀ wọn kò jinlẹ̀, àwọn oníbàárà ni ó sì ń san owó ohun tí wọn kò mọ̀.

Ìlẹ̀kùn tí a tì, àti èyí tí a gbé jìnnà

Ohun tí ó tẹ̀ lé e kọ́ wa pé bí ìlẹ̀kùn tí ó ṣí sílẹ̀ gbayawu ti léwu, bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tí a tì pa. Ní ọdún 1914, nígbà tí Lugard so Gúúsù àti Àríwá pọ̀, a ṣe òfin pé agbẹjọ́rò kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ fún ẹnikẹ́ni nínú Kóòtù Ìgbèríko, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ wọ kóòtù ìbílẹ̀. Àwọn ìjòyè òyìnbó wí pé àwọn lọ́yà ń dá ẹjọ́ ilẹ̀ sílẹ̀ láàrin ìlú, wọ́n sì ń jẹ owó àwọn tálákà. A kò lè wí pé irọ́ pátápátá ni èyí. Àwọn àgbà wa pàápàá máa ń wí pé a kì í ti kóòtù bọ̀ kí a ṣọ̀rẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo èso òfin náà. Ọmọ ilẹ̀ tí a fi ẹ̀sùn ikú kàn lè dúró níwájú ìjòyè òyìnbó tí ó jẹ́ alákòóso àgbègbè tí ó sì tún jẹ́ adájọ́, kí ó má sì sí ẹnì kan tí ó mọ òfin tí yóò bá a sọ ọ̀rọ̀ kan. Ọdún 1933 ni a tún òfin náà ṣe, tí a fi kóòtù mìíràn rọ́pò Kóòtù Ìgbèríko, tí a sì gba àwọn agbẹjọ́rò láàyè níbẹ̀.

Ní gbogbo àkókò yìí, ẹni tí ó bá fẹ́ di agbẹjọ́rò ní láti kọjá òkun. Àwọn tí ó rí owó ọkọ̀ àti owó ilé-ẹ̀kọ́ ni ó lè lọ. Stella Thomas lọ, a sì gbà á ní London ní ọdún 1933. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tí ó di agbẹjọ́rò ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Obafemi Awolowo, tí ó ti ṣe akọ̀wé ní Wesley College ní Ìbàdàn wa níhìn-ín tí ó sì ti ṣòwò, lọ ní ọdún 1944. A gbà á ní ọdún 1946, ó sì padà wá ṣí ọ́fíìsì rẹ̀ sí Ìbàdàn. Ilẹ̀ wa jẹ àǹfààní púpọ̀ lára irú àwọn ènìyàn wọ̀nyí.

Ṣùgbọ́n àbùkù kan wà nínú ètò náà tí ó kan ẹni tí ó ní ìwé ilẹ̀ nínú àpótí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, oríṣi agbẹjọ́rò méjì ni ó wà. Bárísítà ni ẹni tí ń dìde sọ̀rọ̀ níwájú adájọ́. Sòlísítọ̀ ni ẹni tí ó ń gba oníbàárà sí ọ́fíìsì, tí ó ń kọ ìwé ilẹ̀ àti ìwé ìpíngún, tí ó sì ń tọ́jú owó oníbàárà. Ẹ̀kọ́ àti ìwé-àṣẹ wọn yàtọ̀. Ní ilẹ̀ tiwa, láti ọdún 1876, ẹnì kan náà ni ó ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì. Ọ̀pọ̀ jùlọ nínú àwọn ọmọ wa tí ó lọ sí London ni ó kọ́ ẹ̀kọ́ bárísítà. Wọ́n mọ bí a ti ń sọ̀rọ̀ ní kóòtù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kò sí ẹni tí ó kọ́ wọn bí a ti ń kọ ìwé ilẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó kọ́ wọn ní ohun tí ilẹ̀ ẹbí jẹ́, tàbí pé baálé nìkan kò lè tà á láìjẹ́ pé àwọn àgbà ẹbí fọwọ́ sí i. Wọ́n ní ìwé-àṣẹ, wọ́n sì jẹ́ ọmọlúàbí. Ṣùgbọ́n fún apá kan iṣẹ́ náà, a kò tíì mú wọn yẹ.

Èyí ni ìgbìmọ̀ Unsworth rí nígbà tí ìjọba yàn án ní ọdún 1959 láti wádìí ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n ní kí a kọ́ òfin ní àwọn Yunifásítì ilẹ̀ wa, kí a sì dá ilé-ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ níbi tí gbogbo ẹni tí yóò ṣe iṣẹ́ náà yóò ti kọ́ bí a ti ń ṣe é. Ní ọdún 1962 a ṣe òfin lórí ẹ̀kọ́ òfin àti lórí àwọn agbẹjọ́rò, ní ọdún 1963 sì ni Ilé-Ẹ̀kọ́ Òfin Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Èkó. Ìlú wa pàápàá ní ìpín nínú rẹ̀, nítorí Ìbàdàn níhìn-ín ni Yunifásítì Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1962, pẹ̀lú ẹ̀ka òfin rẹ̀, kí ó tó kó lọ sí Ilé-Ifẹ̀. Láti ìgbà náà, ọmọ àgbẹ̀ láti ìsàlẹ̀ Mápó lè di agbẹjọ́rò láìrí òkun.

Àyẹ̀wò mẹ́ta

Ẹ jẹ́ kí a wá wo bí a ti ń wọlé sí iṣẹ́ náà, gẹ́gẹ́ bí òfin àwọn agbẹjọ́rò ti ọdún 1975 ti là á sílẹ̀. Àyẹ̀wò mẹ́ta ni a lè kà.

Èkíní ni ti ìmọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò gba oyè òfin ní Yunifásítì, lẹ́yìn náà yóò lọ sí Ilé-Ẹ̀kọ́ Òfin, tí olú ilé rẹ̀ ti kúrò ní Èkó lọ sí Bwari lẹ́bàá Àbújá ní ọdún 1997. Níbẹ̀ ni yóò ti kọ́ ìwé ilẹ̀, ẹjọ́ ọ̀ràn àti ẹjọ́ ìjà lásán, àti ìwà tí ó yẹ agbẹjọ́rò, tí yóò sì ṣe ìdánwò lórí wọn.

Èkejì ni ti ìwà. Ẹni tí ó yege ìdánwò kò tíì wọlé. Ìgbìmọ̀ àwọn àgbà amòfin tí a ń pè ní Body of Benchers gbọdọ̀ gbà pé ìwà rẹ̀ dára kí wọ́n tó pè é. Èyí kò yẹ kí ó ṣàjèjì sí àwa ará Ìjọ Áńgílíkà. Kí a tó fi ènìyàn jẹ díákónì tàbí àlùfáà, a máa ń ka ìkéde nínú ìjọ rẹ̀ pé bí ẹnikẹ́ni bá mọ ohun tí kò fi yẹ kí a fi í jẹ ẹ́, kí ó wí. Daniel Olubi, tí ó wà lọ́dọ̀ Hinderer ní Kúdẹtì, ṣiṣẹ́ fún ọdún púpọ̀ lójú gbogbo ìjọ kí a tó gbé ọwọ́ lé e. A kò ṣe é láti fi ìyà jẹ ẹ́. A ṣe é nítorí àwọn tí yóò fi ọkàn wọn sí i lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n àwọn tí ń yẹ ìwà wò ní láti ṣọ́ra kí wọ́n má ṣe fi ohun mìíràn pe ìwà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2017, a kò jẹ́ kí ọ̀dọ́mọbìnrin Mùsùlùmí kan tí ó ti yege ìdánwò wọ gbọ̀ngàn tí a ti ń pe àwọn agbẹjọ́rò ní Àbújá, nítorí pé ó bo orí rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dé ilé aṣòfin, ní oṣù Keje ọdún 2018 ni a sì pè é, pẹ̀lú ìborí rẹ̀. Àwọn kan wí pé òfin aṣọ ni òfin aṣọ. Ní tiwa, tí ọ̀pọ̀ nínú wa ní ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n tí ó jẹ́ Mùsùlùmí nínú agbo ilé kan náà, a gbà pé ìborí kò sọ fún ẹnikẹ́ni bóyá ọmọ náà yóò jẹ owó opó tàbí kò ní jẹ ẹ́. Ohun tí àyẹ̀wò ìwà wà fún ni èyíinì.

Ẹ̀kẹta ni ti ìwé orúkọ. Ẹni tí a ti pè yóò lọ kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé tí ó wà ní Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ. Ìgbà náà gan-an ni ó di agbẹjọ́rò. Lọ́dọọdún ni yóò sì máa san owó iṣẹ́. Bí kò bá san án, kò ní ẹ̀tọ́ láti sọ̀rọ̀ ní kóòtù ní ọdún náà. Ẹnikẹ́ni tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé náà, tí ó pe ara rẹ̀ ní lọ́yà, tàbí tí ó ń gba owó láti kọ ìwé ilẹ̀ tàbí ìwé tí a fi ń gba àṣẹ lórí ohun ìní òkú, ó ti rú òfin.

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ìwé orúkọ yìí jẹ́ àṣejù. Ní ọdún 2007, nínú ẹjọ́ tí ó wà láàrin Okafor àti Nweke, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ da ìwé ẹ̀bẹ̀ kan nù nítorí pé orúkọ ọ́fíìsì agbẹjọ́rò ni a fi sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kì í ṣe orúkọ ènìyàn. Ojúlówó agbẹjọ́rò ni ó ni ọ́fíìsì náà. Ṣùgbọ́n ilé-ẹjọ́ wí pé ọ́fíìsì kò sí nínú ìwé orúkọ. Ènìyàn ni ó wà níbẹ̀. Pátákó ara ògiri kò lè búra, a kò sì lè bá a wí. Orúkọ ènìyàn kan gbọdọ̀ wà nílẹ̀ tí a ó lè mú dáhùn. Láti ìgbà náà, ọ̀pọ̀ oníbàárà ni ó ti pàdánù nítorí irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀, láìjẹ́ pé àwọn fúnra wọn ṣẹ̀.

Bí a ti ń yọ orúkọ kúrò

Ohun tí a fi fúnni nítorí ìwà, a lè gbà á padà nítorí ìwà. Ìgbìmọ̀ Ìbáwí kan wà tí ó ní agbára láti kìlọ̀ fún agbẹjọ́rò, láti dá a dúró fún ìgbà kan, tàbí láti pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ kúrò nínú ìwé. Ẹ̀sùn rẹ̀ lè jẹ́ pé ó hu ìwà ìtìjú nínú iṣẹ́ náà, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó gba owó ilẹ̀ fún oníbàárà tí ó sì ná an. Tàbí pé kóòtù ti dá a lẹ́bi ọ̀ràn tí kò yẹ agbẹjọ́rò. Tàbí pé ẹ̀tàn ni ó fi wọ inú ìwé.

Ṣùgbọ́n agbẹjọ́rò náà jẹ́ ènìyàn, a kò sì gbọdọ̀ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láìgbọ́ tẹnu rẹ̀. Agbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dájọ́, àgbà òṣìkà ni. Ní ọdún 1985, nínú ẹjọ́ tí ó wà láàrin Ìgbìmọ̀ Ìbáwí náà àti Gani Fawehinmi, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ẹni tí ó lọ́wọ́ nínú ẹ̀sùn kò gbọdọ̀ tún jókòó bí adájọ́ lórí rẹ̀. Ó yẹ kí àwọn ìgbìmọ̀ ìjọ wa pàápàá máa rántí èyí nígbà tí a bá ń bá ará wí.

Ohun tí ó yẹ kí a ṣe

Ẹ jẹ́ kí a ro ti opó kan ní Ọjà'ba tí ọkọ rẹ̀ fi ilé méjì sílẹ̀. Ẹnì kan ní ẹ̀gbẹ́ kóòtù, tí aṣọ rẹ̀ mọ́, tí ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, wí pé òun yóò bá a ṣe ìwé náà ní owó tí kò tó ìdajì owó lọ́yà. Ó gbà. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, nígbà tí àbúrò ọkọ rẹ̀ gbé ẹjọ́ dìde, ìwé náà kò dúró, ẹni tí ó kọ ọ́ kò sì sí níbẹ̀ mọ́. Owó tí opó náà rò pé òun fi pamọ́ ni ó fi ra ìbànújẹ́.

A kò wí pé gbogbo ẹni tí ń bá ènìyàn kọ ìwé ni ẹlẹ́tàn. Àwọn akọ̀wé ti ran ìlú yìí lọ́wọ́ púpọ̀. Láti ọdún 1915 pàápàá ni òfin kan ti wà tí ó dáàbò bo àwọn tí kò mọ̀wé: ẹni tí ó bá bá wọn kọ ìwé gbọdọ̀ kọ orúkọ àti ibùgbé tirẹ̀ sí i, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ó ti kà á fún wọn, ó sì ti yé wọn. Akọ̀wé tí kò fẹ́ kọ orúkọ rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ìwé, ẹ bi í léèrè ìdí rẹ̀. Fún ìwé ìròyìn sí ọmọ tí ó wà ní òkèèrè, akọ̀wé tó. Fún ilẹ̀, fún ogún, àti fún kóòtù, akọ̀wé kò tó.

Nítorí náà, kí ẹ tó san owó, ẹ béèrè orúkọ agbẹjọ́rò náà gan-an bí ó ti wà nínú ìwé orúkọ, àti ọdún tí a pè é. Ẹ wò ó bí òǹtẹ̀ rẹ̀ wà lórí ìwé tí ó kọ. Ẹ gba rìsíìtì. Bí ẹ kò bá mọ̀wé, ẹ mú ọmọ tàbí ará ìjọ tí ó mọ̀wé lọ́wọ́. Bí ó bá sì hu ìwà àìtọ́, ẹ má ṣe kàn máa ṣépè nínú ilé. Ẹ kọ ẹ̀sùn yín sí Ẹgbẹ́ Àwọn Agbẹjọ́rò Nàìjíríà, kí ẹ sọ òtítọ́ nìkan níbẹ̀. Ẹni tí ó dákẹ́ ti jẹ́ kí ìwà náà dé ọ̀dọ̀ oníbàárà tí ó kàn.

Ọ̀rọ̀ kan kù fún ẹ̀yin òbí tí ẹ ní ọmọ tí ó fẹ́ kọ́ òfin. Ilé-ẹ̀kọ́ lè fún un ní ìmọ̀. Ìgbìmọ̀ lè bi í léèrè nípa ìwà rẹ̀ ní ọjọ́ kan. Ṣùgbọ́n ìwà tí wọn yóò bá lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ náà ni èyí tí ó ti kọ́ lọ́dọ̀ yín, nígbà tí ẹ rán an lọ sí ọjà tí ó mú ṣẹ́ńjì padà wá, tí ẹ sì kà á. Kí Ọlọ́run fún wa ní irú àwọn ọmọ tí a lè gbé ẹjọ́ lé lọ́wọ́. Àmín.